Ohun Tí Ìyá Nìkan Ń Fún Ọmọ

Ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni Kumasi ṣe rí, tí mo sì ń dá yín lóhùn pé, "Ó dára." Ìdáhùn ọ̀lẹ ni. Òjò ti rọ̀ tán, ọyẹ́ ti fẹ́ kọjá, kí n tó lè jókòó ti ìwé yìí. Kì í ṣe iṣẹ́ ló dí mi lọ́wọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ wo ló kù fún un? Bí mo bá ti kọ orúkọ ìyàwó mi tán ni ọwọ́ mi ń dúró. Ní báyìí, ó ti ń rìn díẹ̀díẹ̀.

Àṣàbí lẹ mọ̀ ọ́n sí. Ní Kumasi, Afua ni, nítorí pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí i. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ó ń ta aṣọ lọ́jà Kumasi. Ọmọ Àṣántè ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò máa lọ sí ìlú wọn, bàbá rẹ̀ gbé e wá sílé, ọmọ kékeré tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ìyá rẹ̀ kò tẹ̀lé wọn. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni ìyá náà kú.

Nígbà tí Àṣàbí fúnra rẹ̀ lọ, a sin ín bí a ti ń sin ìyàwó ilé, sínú ọgbà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ sin ín dáadáa. Gbogbo ẹni tó yẹ kó gbọ́ ló gbọ́, tàbí kí n sọ pé bí mo ti rò ó nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́tàlá ni Àlhájì Ràfíù pè mí lórí fóònù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Àṣàbí ni, Kumasi ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì ń gbé títí dòní.

"Tíṣà, kí ni àwọn ìyá rẹ̀ wí nígbà tí ẹ sọ fún wọn?"

"Àlhájì, ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́."

"Mi ò pe ìyá. Àwọn ìyá ni mo pè. Haba, Tíṣà! Ẹ sin ọmọ Àṣántè, ẹ ò ránṣẹ́ sí ilé ìyá rẹ̀?"

Ó wá là á yé mi. Lọ́dọ̀ wa, bàbá ló ni ọmọ, ilé ọkọ sì ni sàréè obìnrin. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìyá ló ni ọmọ. Ẹbí ìyá yẹn ni wọ́n ń pè ní abusua. Ìgbéyàwó kì í mú obìnrin kúrò nínú rẹ̀, ikú náà kì í sì í mú un kúrò. Ẹni tí abusua rẹ̀ kò bá ṣe òkú rẹ̀, tí wọn kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ orúkọ àwọn tó ti lọ, ẹni tó sọnù lójú ọ̀nà ni.

Nígbà náà ni mo rántí ọ̀rọ̀ kan tí Àṣàbí sọ lórí ibùsùn. Ó ní, "Bí ẹ bá ṣe tèmi tán níbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n pè mí níbẹ̀ náà." Mo rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe lọ nìyẹn, èmi àti Mọ́níkẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kan ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ka jíìnì inú ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé. A lọ láti sọ ọ̀rọ̀ ikú tó ti pẹ́, kí a sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pe orúkọ Àṣàbí. Ní ti ọ̀nà, ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ibodè tó wà níbẹ̀, kó bi awakọ̀.

Asawase

Ìrọ̀lẹ́ la dé Asawase, àdúgbò tí Àlhájì ń gbé ní Kumasi. Ìrun Mọ̀ǹgàríbà ń lọ lọ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, òórùn ẹja yíyan sì gba gbogbo àdúgbò. Ilé Àlhájì jẹ́ agboolé kan tí yàrá yí ká, tí àgbàlá wà láàárín, gẹ́gẹ́ bíi tiwa gan-an. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀ ń fi Tùwí bú ara wọn, wọ́n ń fi Háúsá bẹ ara wọn, ìgbà tí ẹnì kan gba wọ́n létí ni wọ́n tó ké Yorùbá.

"Akwaaba paa!" Àlhájì dì mọ́ mi. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ jọ ti Àṣàbí dé ibi tí mo fi ní láti wo ibòmíràn. "Tíṣà, ẹ ti gbó, wallahi! Mọ́níkẹ́ nìyí? Ẹ wo ojú Afua! Ẹ wo ojú Afua, hwɛ!"

Ẹnu ọ̀nà la wà tí ọmọ kan fi kígbe, "Àlátà! Àlátà!" Mo bi Àlhájì pé ta ni wọ́n ń pè.

"Èmi àti ẹ̀yin. Àlátà ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá. Níbí ni wọ́n bí bàbá mi sí, níbí ni wọ́n bí mi sí, àlejò ni mí. Tí mo bá wá dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin a ní, ẹ wo ará Gánà. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, kí Màlékà jọ̀ọ́ má bi mí léèrè ìlú mi. Ọ̀rọ̀ náà á gùn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n gbé fúrà wá fún wa. Aládùúgbò kan tó jẹ́ Fúlàní ló fi ránṣẹ́, ó da wàrà tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára màlúù lé e lórí. Wàrà tí mo mọ̀ nílé ni èyí tí a sè, tí a fún omi rẹ̀ dànù. Èyí dùn mọ́ mi, mo gbé igbá náà mu dé ìdí. Kí oòrùn tó gbóná, inú mi ti ń kùn bí ọkọ̀ tó ń gun òkè. Mo lọ sẹ́yìnkùlé lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyàwó aládùúgbò náà wá kí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀, gbogbo wọn ló ń mu ún láàárọ̀, lálẹ́.

Mọ́níkẹ́ rí ààyè. "Àlhájì, kì í ṣe ẹ̀bi Bàbá. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn ayé, tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú, inú wọn kì í mọ ohun tí yóò fi wàrà tútù ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn darandaran ti ń gbé, ẹni tí inú rẹ̀ bá gbà á ló ń yè nígbà ìyàn, òun ló ń bímọ jù. Nígbà tó pẹ́, ìran náà pọ̀. Èyí kò tíì pẹ́ rárá nínú ìtàn ènìyàn. Ó ń lọ lọ́wọ́ ni."

"Kí ló ń lọ lọ́wọ́?"

"Ìyípadà ènìyàn."

Àlhájì gbé ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ sí ọwọ́ kejì. "Ẹ ń padà bọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọ̀bọ yín. Ọlọ́hun fi amọ̀ mọ Ànábì Ádámà. Ó parí."

Mo ní, "Àlhájì, amọ̀ náà ni à ń sọ. Kò tíì gbẹ ni."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan: ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí a ti sin Àṣàbí.

Ìkìlọ̀ lórí pákó

Pákó ni Àlhájì ń tà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní Anloga Junction láàárín àwọn tó ń kan bẹ́ẹ̀dì àti àga. Ibẹ̀ ló ti kọ́ wa níwà, ìyẹ̀fun pákó ń bà lé wa lórí bí ó ti ń sọ̀rọ̀.

Ó ní olórí abusua náà ń jẹ́ Opanin Kwaku. A kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ tààrà. Òun, Àlhájì, ni yóò jẹ́ ẹnu wa. Bí a tilẹ̀ jókòó tí orúnkún wa kan ara wa, èmi yóò sọ fún Àlhájì, Àlhájì yóò sọ fún un, òun náà yóò sì dá Àlhájì lóhùn. Kí a bẹ̀rẹ̀ ìkíni láti ọwọ́ ọ̀tún. Kí a má na ọwọ́ òsì sí ẹnikẹ́ni. Kí a má kọ́ ẹsẹ̀ léra. Ìgò ọtí ìtọrọ àforíjì kan gbọ́dọ̀ wà, ṣùgbọ́n òun kò ní fọwọ́ kàn án.

"Mọ́níkẹ́ ni yóò gbé e. Kí o fi bébà wé e, kí o rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn mi. Bí àwọn ará mọ́ṣáláṣí bá rí wa, mi ò mọ̀ ọ́ rí."

Bí ó ti ń dá oníbàárà kan lóhùn, ó yíjú sí Mọ́níkẹ́. "Ìyípadà tí o sọ láàárọ̀ yẹn, ibo ló ń lọ?"

Èmi náà fẹ́ mọ̀. Mo fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama nípa ohun abẹ̀mí, mo sì máa ń dúró níbi tí ìwé bá dúró sí. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní tẹ́lẹ̀, ìyàn àti àrùn ló ń yan ẹni tí yóò kù. Ẹ̀fọn pàápàá ti fi ibà kọ orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ wa, nítorí pé jíìnì tó ń fa fọ̀níkú-fọ̀ládìde lára ẹni tó bá ní méjì ló ń dáàbò bo ẹni tó bá ní ẹyọ kan lọ́wọ́ ibà. Ó ní ní báyìí, dókítà ti lè mú ohun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú eegun aláìsàn, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n dá a padà. Ọwọ́ ènìyàn ti wọ inú iṣẹ́ tí ẹ̀fọn ń ṣe.

Oníbàárà náà ti gbàgbé pákó rẹ̀. Èmi náà dìde dúró, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Oṣù mẹ́tàlá ni mo fi jókòó sílé tí n kò fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la. Nínú ìyẹ̀fun pákó yẹn, mo wá ń fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ilé àwọn ìyá

Ilé náà wà ní apá kejì ìlú, ilé àtijọ́ tó ní fèrèsé onígi. Opanin Kwaku jókòó láàárín àwọn àgbà mẹ́rin, aṣọ ìbora rẹ̀ wà ní èjìká òsì. Arákùnrin ìyá Àṣàbí ni. Mo wò ó, mo rí àna mi, ẹni tí mo sin ọmọ arábìnrin rẹ̀, tí n kò sọ fún un.

Gbogbo ìkìlọ̀ Àlhájì fò lọ. Mo ṣe ohun tí bàbá mi kọ́ mi pé kí n máa ṣe níwájú àwọn tó fún mi níyàwó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀.

Ariwo sọ. Àga kan ṣubú. Àgbà kan di apá mi mú, èkejì di ẹsẹ̀ mi, obìnrin kan sì sáré gbé omi jáde láti dà lé mi lórí. Wọ́n rò pé mo ti dákú. Mo ń gbìyànjú láti sọ pé kò sí nǹkan, wọ́n ń gbé mi sókè. Àlhájì ń kígbe ní Tùwí pé ìkíni ni, ìkíni ni! Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n gbé mi kalẹ̀ lórí àga, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ẹyẹ tí kò sí ní ìlú wọn.

Opanin sọ̀rọ̀. Àlhájì túmọ̀: "Wọ́n ní bí ẹ bá ń kí ènìyàn báyìí nílé yín, báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tó kú?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún wa lómi mu. Ìgbà tí a mu ún tán ni wọ́n bi wá léèrè ohun tó gbé wa rin. Àlhájì ní àlàáfíà ni níhìn-ín, ó ní ilé wa lọ́hùn-ún ni ọ̀rọ̀ ti wá. Mo sọ ọ́ fún un ní ohùn kẹ́lẹ́: pé Afua ti lọ, pé ó ti lé ní ọdún kan, pé n kò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń ṣẹ̀, pé mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pè é. Àlhájì gbé e fún wọn.

Ẹ̀rín tán lójú gbogbo wọn. Opanin sọ̀rọ̀, Àlhájì túmọ̀.

"Wọ́n ní, ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Àwọn obìnrin ilé mi."

"Wọ́n ní, àwọn obìnrin ilé yín, wọ́n bí i ni? Wọ́n ní bí ọmọ wọn bá kú sí ìlú òkèèrè, tí òkú kò lè dé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń mú wálé, kí wọ́n lè rí nǹkan sin. Irun rẹ̀ dà?"

Mo wo ọwọ́ mi. Fọ́tò ni mo mú wá, nínú férémù.

Opanin kò gbà á. Ó ní wọn kì í sin bébà. Ó ní wọn kò lè pe orúkọ ẹni tí kò sí ohun kankan lára rẹ̀ tó wálé. Lẹ́yìn náà ó ní kí a dúró ná, kí àwọn lọ bi ìyá àgbà léèrè. Àlhájì ṣàlàyé sí mi létí pé ní ọ̀pọ̀ ilé, kò sí ìyá àgbà kankan níbẹ̀, àṣà ọ̀rọ̀ ni, àwọn àgbà kàn fẹ́ lọ gbìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ilé yìí ìyá àgbà wà. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó ń gé ẹ̀gẹ́ sínú ìkòkò.

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, Opanin ní ìyá àgbà kò tíì dáhùn. Ó ní kí a kọ́kọ́ jẹun.

Fùfú

Maame Serwaa ni orúkọ ìyá àgbà náà, àbúrò ìyá Àṣàbí, ó sì ju ọgọ́rin ọdún lọ. Nígbà tó wà léwe, ó ti bá àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ta aṣọ pọ̀, Yorùbá rẹ̀ sì wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, àtijọ́ pọ́ńbélé.

"Ẹ ǹ lẹ́ o, ọkọ ọmọ mi. Ìwọ lo lulẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"O ṣe é dáadáa. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi náà lulẹ̀ báyìí. Bàbá wa sá wọlé."

Abọ́ amọ̀ ńlá kan ni wọ́n gbé wá. Fùfú jókòó sí àárín ọbẹ̀ bí erékùṣù, ẹran ewúrẹ́ yí i ká. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní abọ́ kejì, kí n lè ya ọbẹ̀ sọ́tọ̀.

"Ṣé wọ́n bá ara wọn jà ni?" Maame Serwaa bi mí. "Jẹ ẹ́ báyìí, jàre."

Mo jẹ ẹ́ báyìí. Ata rẹ̀ mú mi sunkún, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ata náà. Èmi àti Opanin ń jẹ nínú abọ́ kan, ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ẹ̀bẹ̀ mi sì ń ti ẹran tó dára jù sí apá ọ̀dọ̀ mi. Ìwà wọn nìyẹn. Ẹjọ́ wà lọ́tọ̀, oúnjẹ wà lọ́tọ̀.

Mọ́níkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní oúnjẹ tí kò béèrè eyín bí èyí ló sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn di kékeré, láti ìgbà tí a ti mọ iná dá. Pé eyín ìkẹyìn tó ń yọ lágbà kì í rí àyè mọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, pé àwọn kan wà tí tiwọn kì í tilẹ̀ yọ rárá. Ó ní bóyá àwọn ẹni ọjọ́ iwájú kò ní ní in mọ́.

Maame Serwaa la ẹnu sílẹ̀. Eyín mẹ́rin ló kù. "Èmi ti dé ọ̀hún. Ẹ máa bọ̀."

Ó bi Mọ́níkẹ́ pé kí ló ń ṣe fún oúnjẹ òòjọ́. Mọ́níkẹ́ fọ ọwọ́, ó wá èdè tí yóò yé e.

"Ìyá àgbà, nínú ara wa, àwọn ààrò kékeré kan wà, ojú lásán kò lè rí wọn. Àwọn ló ń dá iná tí a fi ń rìn, tí a fi ń mí. Bàbá wà nínú imú mi, ó wà nínú gíga mi. Ṣùgbọ́n ààrò yẹn, kò sí ti Bàbá níbẹ̀. Ìyá nìkan ló ń fún ọmọ. Màmá mi ló fún mi. Ìyá wọn ló fún wọn."

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ìyá kan náà ló sì fún wọn tó fún ẹ̀yin. Tí a bá ń tọ̀ ọ́ lọ sẹ́yìn, láti ìyá dé ìyá, gbogbo ènìyàn ayé ni yóò pàdé lọ́dọ̀ obìnrin kan, nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí. Kì í ṣe òun nìkan ló wà láyé nígbà náà o. Òun ni ẹni tí okùn ọmọbìnrin rẹ̀ kò já."

Àlhájì gbé e fún Opanin. Opanin ronú, ó dáhùn.

"Wọ́n ní, ṣé àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni? Wọ́n tún ní, abusua wo ni obìnrin yẹn?"

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n iná ti ràn lójú ọmọ mi, ó tẹ̀ síwájú. Ó ní àwọn obìnrin kan wà tí ààrò wọn ní àbùkù, tí gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ń kú. Ó ní dókítà lè gba ẹyin obìnrin mìíràn tí ààrò tirẹ̀ dára, kí wọ́n yọ kókó inú rẹ̀, kí wọ́n fi ti ìyá ọmọ àti ti bàbá rẹ̀ sí i. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti wà láyé. Ènìyàn mẹ́ta ló bí wọn.

Opanin yọ ọwọ́ kúrò nínú ọbẹ̀. Kò dúró de Àlhájì. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi Mọ́níkẹ́ fúnra rẹ̀ pé, ta ni yóò ni ọmọ?

"Bàbá ni!" Àlhájì dá a lóhùn.

Gbogbo àgbà mẹ́rin yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan. "Àlátà," ni ọ̀kan wí, bí ẹni ń dárúkọ àìsàn.

Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Àgbà kan ní ilé ẹni tó gbé oyún ló ni ín. Èkejì ní rárá, bí ó bá jẹ́ ààrò ni abusua, ilé ẹni tó fún un ní ààrò ni. Opanin ní ọmọ náà yóò ní abusua méjì, ìsìnkú rẹ̀ yóò sì di méjì. Ẹni ọjọ́ iwájú yóò ní láti kú lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Mò ń lu tábìlì. Mo ń sọ̀rọ̀ ní Yorùbá sí ẹni tí kò gbọ́, ó ń fi Tùwí dá mi lóhùn, a sì ń gbọ́ ara wa. Ẹ̀yin ará ilé, ayé kan ń bọ̀ tí ènìyàn yóò ti máa yan ohun tí yóò jẹ́, ilé yìí sì ti ń pín ogún rẹ̀!

"Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù," ni Maame Serwaa wí. Òwe wa ni, ẹnu ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ó wò mí. "Àwọn ẹni ọjọ́ iwájú yìí, wọn yóò máa kú?"

Mọ́níkẹ́ wò mí. Èmi ni mo dáhùn.

"Wọn yóò kú, Ìyá. Wọ́n lè pẹ́ jù wá lọ. Ṣùgbọ́n wọn yóò kú."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò fẹ́ ẹni tí yóò pè wọ́n." Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. "Ẹ lọ bi ìyá àgbà léèrè, àbí? Ìyá àgbà ti ṣe tán. Ẹ fún mi ní sísọ́ọ̀sì."

Irun

Mọ́níkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Maame Serwaa gbá irun gígùn tó wà lórí rẹ̀ mú, ó fi ìka pa á wò, ó sọ ọ́ sílẹ̀.

"Èyí kì í ṣe irun. Ilé-iṣẹ́ ló ṣe é. Kò ní ìyá."

Ó tú dídì kan lẹ́yìn etí rẹ̀ títí ó fi kan irun gidi.

Opanin sọ̀rọ̀ kíkankíkan. Kò sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Àlhájì túmọ̀ fún mi pé èèwọ̀ ni, pé a kì í gba irun alààyè ṣe òkú, pé bí a bá sin nǹkan lára ọmọ, ọmọ náà la ń pè wá sínú ilẹ̀. Ọkàn mi já. Ó tọ́ kí Opanin bẹ̀rù. Mo ti fẹ́ sọ pé kí a jáwọ́, nítorí mi ò ní fi ọmọ mi tọrọ ohunkóhun, fún Àṣàbí pàápàá.

Maame Serwaa kò yí ojú kúrò lára irun náà. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Tùwí, ó wá sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá.

"Kì í ṣe tirẹ̀ ni mò ń gbà. Ọmọ náà sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí Afua gbé sí i lára ni mò ń gbà. Afua gbé e pa mọ́ síbẹ̀ dè wá." Ó wo Opanin. "Kwaku, ta ló fún ìwọ ní tìrẹ?"

Ìyá kan náà ló bí òun àti Opanin. Opanin na ọwọ́ ọ̀tún, ó gba ìgò ọtí tí a ti gbé sílẹ̀ láti àárọ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àlhájì mí kanlẹ̀. Mo mọ̀ láì sí ògbufọ̀ pé ó ti gbà.

Sísọ́ọ̀sì dún lẹ́ẹ̀kan. Mọ́níkẹ́ dìde, ó wá bá mi, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí. Ó ní, "Bàbá, irun tí a gé, tí a kò fà á tu, tí kò ní gbòǹgbò, ṣé ẹ mọ̀ pé ti ìyá ló rọrùn jù láti rí kà nínú rẹ̀? Ti bàbá kì í sábà ṣeé rí."

Mi ò sọ pé àwọn baba ńlá Àṣántè mọ èyí. Mo kàn sọ ohun tí ọmọ mi sọ fún mi ni.

Sátidé

Wọ́n fi aṣọ funfun wé irun náà, wọ́n sin ín sí ìsàlẹ̀ sàréè ìyá Àṣàbí. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn jókòó lábẹ́ ìbòòji, nínú aṣọ dúdú àti pupa. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, mò ń bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ti ń kọjá, "Due," ni olúkúlùkù ń sọ fún mi. "Due." Ó túmọ̀ sí ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ọ̀fọ̀. Nílé, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sọ fún mi pé kí n mọ́kàn le, mo sì mọ́kàn le fún yín. Níbí, kò sí ẹni tó ní kí n mọ́kàn le. Mo jókòó sórí àga àna, mo sunkún bí ó ti yẹ kí n sunkún.

Opanin dìde, ó pe àwọn orúkọ. Obìnrin ni gbogbo wọn, láti ìyá dé ìyá, orúkọ tí n kò mọ̀ rí, tí wọ́n ti dá iná tó wà lára ọmọ mi kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí. Orúkọ tó pè kẹ́yìn ni Afua.

Ọjọ́ Àìkú la lọ dágbére. Maame Serwaa di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀.

"Ìwọ náà ti dàgbà. Ọjọ́ tí o bá kú, ta ni yóò wá sọ fún wa?"

"Mọ́níkẹ́ ni, Ìyá."

"Mọ́níkẹ́ kẹ̀? Tiwa ni Mọ́níkẹ́. Ilé kì í ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. Nínú àwọn ènìyàn tìrẹ ni kí ẹnì kan ti wá, kó jókòó, ká fún un lómi, kó sọ fún wa. Má tún jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́yìn ọdún kan. A ò ní gbà á lẹ́ẹ̀kejì."

Mo ṣe ìlérí fún un pé ẹnì kan yóò wá. N kò mọ ẹni tí yóò jẹ́ nígbà náà, n kò sì tíì mọ̀ ọ́n títí di òní. Ìdí tí mo ṣe kọ gbogbo èyí sílẹ̀ fún yín nìyẹn. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ni yóò lọ. Kí ẹ ti ìsinsìnyí mọ ẹni náà láàárín ara yín, kí ẹ sì sọ fún mi, kí n lè kọ́ ọ ní ọ̀nà ilé.